Kí ni ẹni tí kò mọ kóòdù dáadáa lè ṣe fún open source láti Ògbómọ̀ṣọ́?

ÌBÉÈRÈ

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, Under G ni mò ń gbé. Gbogbo èèyàn ló ń pariwo open source sí wa létí, wọ́n ní òun ló ń jẹ́ kí wọ́n tètè gbani síṣẹ́. Kóòdù tí mo mọ̀ kò ju èyí tí wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì lọ. Láptọ́ọ̀pù mi ti gbó, iná ò sí, détà ń lọ bí omi. Mo wá tún gbọ́ pé wọn kì í sanwó. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni irú èmi lè ṣe níbẹ̀? Àbí wọ́n kàn fẹ́ fi wá ṣe ìwọ̀fà òyìnbó ni?”

* * *

Àbúrò, open source ni sọ́fúwíà tí wọ́n tú kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni lè kà á, kó lò ó, kó sì tún un ṣe. Kí n tó dáhùn, jẹ́ n bi ọ́ ní tèmi: èwo lò ń lò lójoojúmọ́ nínú wọn? Má sọ pé kò sí o. Bí fóònù ọwọ́ rẹ bá jẹ́ Android, Linux, ètò open source tó ń darí ẹ̀rọ, ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí o bá ń fi VLC wo fíìmù lálẹ́, open source ni. Bí o bá ń fi Firefox kàwé, tàbí tí o ń fi LibreOffice tẹ iṣẹ́ tí olùkọ́ fún yín, inú ilé náà lo wà yẹn. Pálọ̀ lo kàn jókòó sí, o ò tíì wọ ilé ìdáná.

Èyí tí o ń lò tó sì ń bí ọ nínú, ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ohun tí ọ̀pọ̀ yóò sọ fún ọ yàtọ̀ sí èyí. Wọ́n á ní kí o lọ sórí GitHub, ojú-òpó tí wọ́n ń kó kóòdù sí, kí o wá issue (àṣìṣe tàbí iṣẹ́ tí wọ́n kọ sílẹ̀) tí wọ́n lẹ “good first issue” (iṣẹ́ àkọ́bẹ̀rẹ̀) mọ́, kí o tún un ṣe, ó parí. Mi ò ní irọ́ ni; àwọn kan gba ibẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n lọ wo ọ̀kan nínú wọn lórí iṣẹ́ tó bá gbajúmọ̀. Wàá rí i pé èrò ti tò sábẹ́ rẹ̀, kálukú ń sọ pé kí wọ́n fún òun, ọ̀pọ̀ wọn ò sì ní padà wá mọ́. Àti pé sọ́fúwíà tí o ò lò rí, báwo lo ṣe fẹ́ mọ̀ pé o ti tún un ṣe? O ò mọ bó ṣe rí nígbà tó dáa.

Linux tí à ń wí yìí, ṣé o mọ ohun tí Linus Torvalds kọ́kọ́ tọrọ? Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 1991, akẹ́kọ̀ọ́ bíi tìrẹ ni ní Helsinki. Ó kọ̀wé sí àwọn tó ń lo Minix, ètò mìíràn tó ń darí kọ̀ǹpútà, ó ní òun ń ṣe nǹkan kékeré kan fún ìgbádùn ara òun, kò ní di ńlá. Ó wá bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ràn nínú Minix, kí ni wọn ò fẹ́ràn. Kò tíì sọ pé kí ẹnikẹ́ni kọ kóòdù wá. Ẹnu àwọn tó ń lò ó ló kọ́kọ́ wá lọ.

* * *

Ẹ jẹ́ n sọ bí èmi ṣe kọ́kọ́ ṣe tèmi, kí ẹ lè fi mí rẹ́rìn-ín.

Mo rí ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ṣì kọ nínú ìwé àlàyé sọ́fúwíà kan. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló sọnù níbẹ̀. Mo ṣe fork (mo da iṣẹ́ náà kọ sí ọ̀dọ̀ mi), mo ṣí fáìlì náà lórí láptọ́ọ̀pù, mo fi lẹ́tà náà sí i, mo fi pull request (ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gba àyípadà mi) ránṣẹ́, mo sì gba Takie lọ jẹ àmàlà bí ẹni tó ti ogun dé. Nígbà tí mo padà, olùtọ́jú iṣẹ́ náà ti fèsì. Ìbéèrè kan ló bi mí: “Èwo gan-an lo yí padà nínú gbogbo èyí?”

Mo wò ó. Ìlà tó lé ní ẹgbẹ̀ta ló pọ́n bí èyí tí a yọ, tó sì tún di àwọ̀ ewé bí èyí tí a fi sí i. Ohun tí mo fi ń tẹ̀wé lórí Windows ti yí òpin gbogbo ìlà padà láìsọ fún mi. Inú bí mi o, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́. Mo ní ó ń fojú di mí torí ibi tí mo ti wá. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kí n tó gbà fún un: èmi ni mo ní kí ọmọ ọlọ́mọ jókòó ka ẹgbẹ̀ta ìlà nítorí lẹ́tà kan.

Láti ọjọ́ náà, ohun kan ni mo fi ń wọn gbogbo ohun tí mo bá fẹ́ ṣe fún wọn: tí mo bá ṣe é tán, ṣé ẹrù orí olùtọ́jú á fúyẹ́ ni, àbí mo tún dì kún un? Bí mi ò bá lè dáhùn, mi ò tíì ní í fi ránṣẹ́.

Nítorí náà: nínú Git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú ìtàn àyípadà kóòdù, tẹ git diff kí o wo ohun tí o yí padà kí o tó fi jíṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kan péré, má tilẹ̀ gbé fáìlì wá sílé. Àmì pẹ́ńsùlù kékeré wà lórí ojú ìwé GitHub, tẹ̀ ẹ́, tún un ṣe níbẹ̀. Kí o sì ka fáìlì tí wọ́n pè ní CONTRIBUTING, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ bí wọ́n ṣe ń gba iṣẹ́. Àwọn tí kì í kà á pọ̀ ju àwọn tó ń kà á lọ, olùtọ́jú sì máa ń mọ̀ ọ́n láàárín ìṣẹ́jú kan.

* * *

Ẹnìkan nínú ẹ̀yin tó ń ka èsì yìí ti kígbe mọ́ mi: “Ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ní sólà lórí òrùlé.”

Mi ò ní. Apá Stadium ni ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe wà, jẹnẹrétọ̀ kékeré ni mo ní, òun náà sì ń ṣàìsàn.

Détà ni kí á kọ́kọ́ sọ. Bí o bá fẹ́ gbé kóòdù wá, fi --depth 1 sí git clone, àṣẹ tí a fi ń gbé e wá. Bí iṣẹ́ náà ṣe rí lónìí nìkan ni yóò gbé wá, kò ní kó ìtàn gbogbo ọdún tó ti kọjá tẹ̀ lé e. Ìtàn Linux pátá tó gígábáìtì mélòó kan. Ta ni yóò san ìyẹn? Ti iná: Git ò nílò íntánẹ́ẹ̀tì kí o tó ṣe commit, ìyẹn kí o tó fi àyípadà rẹ sínú ìtàn iṣẹ́. Bí Torvalds ṣe kọ ọ́ lọ́dún 2005 nìyẹn, ìtàn iṣẹ́ tí o bá gbé wá, orí ẹ̀rọ tìrẹ ló wà. Ṣe iṣẹ́ rẹ nílé lórí bátìrì, ìgbà tí o bá dé ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà kí o wá tì í lọ. Ìtúmọ̀ èdè lórí Weblate, ojú-òpó tí wọ́n ti ń túmọ̀ sọ́fúwíà, orí fóònù lo ti lè ṣe é, ọ̀rọ̀ lásán ni, kì í jẹ détà.

Ohun tí iná bà jẹ́ fún mi ní tòótọ́ kì í ṣe kóòdù. Mo kọ issue kan rí pé “kò ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ràn wá lọ́wọ́.” Wọ́n bi mí pé ẹ̀dà wo ni mò ń lò, kí ni mo tẹ̀ kó tó kú. Ìbéèrè wọn ṣì wà níbẹ̀ ni iná lọ, tiransifọ́má àdúgbò jó, ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Nígbà tí mo padà, wọ́n ti tì í. Ẹ̀bi wọn kọ́. Ká ní mo ti kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ì bá ti máa rìn nígbà tí èmi ń jókòó sínú òkùnkùn. Ẹni tí iná rẹ̀ kò dúró gbọ́dọ̀ kọ issue tó lè dá dúró láìsí òun.

Ìkíni náà ńkọ́? Àwa ọmọ Yorùbá, a kì í já lu ọ̀rọ̀ láìkíni. Mo kọ “Good morning sir, hope you are fine sir” sí olùtọ́jú kan rí, ìlà mẹ́ta gbáko. Obìnrin ni.

* * *

Ó yá, ọ̀rọ̀ ìwọ̀fà.

Ẹnìkan láti Ọ̀yọ́ ní kí n má fi ọ̀rọ̀ dídùn tan ọmọ ọlọ́mọ. Ó ní iléeṣẹ́ ńláńlá ń fi sọ́fúwíà ọ̀fẹ́ kó dọ́là jọ, àwa wá ń fi owó détà wa bá wọn tún un ṣe. Ẹlòmíràn fò dìde pé rárá o, àáró ni, pé àṣà baba wa ni, òyìnbó ló jí i kọ́.

Ẹni kejì yìí ni mo ń bá jà. Àáró kọ́. Nínú àáró, bí mo bá kọ igba ebè lóko rẹ lónìí, wàá wá kọ igba lóko mi, a jọ ń kà á ni. Ta ló ń ka ebè níbí? Ọ̀wẹ̀ ló sún mọ́ ọn díẹ̀, torí ẹni tó bá ráàyè ló ń wá. Àmọ́ nínú ọ̀wẹ̀, ẹni tó pè wá á se oúnjẹ. Ìgbà mìíràn wà tí o ó tún iṣẹ́ ẹni ṣe tí kò ní sọ pé ẹ ṣeun.

Ìwọ̀fà náà kọ́. Gbèsè ló wà lọ́rùn ìwọ̀fà, kò sì lè kúrò títí wọn ó fi san án. Ìwọ lè kúrò lọ́la.

Ṣùgbọ́n ẹni Ọ̀yọ́ yẹn ò parọ́ tán. OpenSSL ni ọ̀pọ̀ ojú-òpó ayé fi ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ aṣínà àti owó àwọn èèyàn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, wọ́n rí ihò kan nínú rẹ̀ tí wọ́n pè ní Heartbleed. Ìgbà náà ni gbogbo ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bojú wo ẹ̀yìn, tí wọ́n rí i pé àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ kò tó nǹkan, pé ẹnì kan péré ló fi í ṣe iṣẹ́ oòjọ́, àti pé owó ìrànwọ́ tó ń wọlé fún wọn lọ́dún kò ju nǹkan bí 2,000 dọ́là. Àwọn tó ń fi í jẹun wà níbẹ̀ tipẹ́, wọn ò béèrè. Lẹ́yìn tí ojú ti wọ́n ni wọ́n dá owó jọ lábẹ́ àjọ Linux Foundation.

Nítorí náà, bí ó bá ń dùn ọ́ pé wọ́n ń fi iṣẹ́ ọ̀fẹ́ jẹun, wo ìwé àṣẹ iṣẹ́ náà kí o tó fọwọ́ kàn án. Èyí tó bá wà lábẹ́ GPL, ẹni tó bá tún un ṣe tó sì ń pín in kiri gbọ́dọ̀ fi kóòdù tirẹ̀ náà sílẹ̀. Ti MIT ò béèrè ìyẹn. Kí wọ́n ṣáà fi orúkọ àwọn tó kọ ọ́ àti ìwé àṣẹ náà sílẹ̀ ni. Mi ò sọ pé èyí dára ju ìyẹn lọ. Mò ń sọ pé kí o mọ oko tí o wọ̀.

Má sì fi owó oúnjẹ ra détà nítorí open source. Ẹni tí ebi ń pa ò jẹ ẹnikẹ́ni ní ọ̀wẹ̀.

* * *

Ẹni tó béèrè padà wá: “Ẹ̀gbọ́n, mo ti gbọ́. Ẹ fi ọ̀kan hàn mí gan-an, tí kò ní kóòdù nínú.”

Ó dáa. Sọ́fúwíà kan wà tí mo fi ń tọ́jú orúkọ àwọn oníbàárà mi. Lọ́jọ́ kan mo tẹ Ògbómọ̀ṣọ́ sínú àpótí ìwárí rẹ̀, ó ní kò sí. Ó sì wà níwájú mi níbẹ̀, mò ń wò ó! Mo wá a láti orí fóònù: ó rí i. Mo tún wá a láti orí láptọ́ọ̀pù: kò rí i. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé wèrè ti mú ẹ̀rọ náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Lẹ́tà “ọ́” tó parí orúkọ ìlú wa, ojú kan ló ní lójú tiwa, ṣùgbọ́n ó ju ọ̀nà kan lọ tí kọ̀ǹpútà lè gbà kọ ọ́. Nínú Unicode, ètò nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, “ọ” ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+1ECD. “Ó” kékeré náà ní tirẹ̀, U+00F3. Ṣùgbọ́n èyí tó ní àmì lókè tó tún ní lábẹ́ kò ní nọ́ńbà kan tó dá jẹ́ tirẹ̀. Nítorí náà kíbọ́ọ̀dù kan á kọ “ọ”, á fi àmì òkè lé e. Òmíràn á kọ “ó”, á fi ti ìsàlẹ̀ sí i. Òmíràn á kọ “o” ní ìhòòhò, á wá wọ méjèèjì sí i lọ́rùn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba lójú èèyàn. Sọ́fúwíà tí kò bá kọ́kọ́ sọ wọ́n di ọ̀kan kó tó fi wọ́n wéra, mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló máa kà wọ́n sí.

Ohun tí mo kọ sí wọn kò pọ̀. Ẹ̀dà tí mò ń lò. Ẹ̀rọ méjèèjì. Mo tẹ Ògbómọ̀ṣọ́ lórí fóònù, mo fi pamọ́. Mo tẹ ọ̀rọ̀ kan náà lórí láptọ́ọ̀pù sínú àpótí ìwárí. Mo retí kó rí i, kò rí nǹkan kan. Mo wá ṣe àdàkọ ọ̀rọ̀ méjèèjì, mo lẹ̀ wọ́n síbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, torí mo mọ̀ pé ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá ò lè tẹ̀ wọ́n fúnra rẹ̀.

Ará Jámánì ni olùtọ́jú náà. Kò mọ ibi tí Ògbómọ̀ṣọ́ wà, kò ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá, kò sì sí bí ì bá ṣe rí àṣìṣe yẹn láéláé lórí ẹ̀rọ tirẹ̀. Ìlà mẹ́ta ló fi tún un ṣe. Èmi ò kọ ìlà kan. Ta ló ṣiṣẹ́ jù nínú àwa méjèèjì? Ẹ máa jiyàn rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n bí mi ò bá sọ, ì bá ṣì wà bẹ́ẹ̀ títí dòní.

* * *

Ọ̀rọ̀ ìtúmọ̀ ni ìjà ti pọ̀ jù, ẹ jẹ́ ká dúró níbẹ̀ díẹ̀.

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìntì nídìí iṣẹ́ olùkọ́ ní kí á má fi èdè wa ṣeré, pé “ẹ̀rọ ayárabíàṣá” ni kọ̀ǹpútà, àti pé kí á kó àwọn oṣù Yorùbá síbẹ̀: Ṣẹ́rẹ́, Èrèlé, Ẹrẹ̀nà, Ìgbé. Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Èdè náà dùn, mo sì dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì tí mò ń wò yìí, lẹ́tà méje ni ó gbà, àlàfo pẹ̀lú. Bí a bá kọ ẹ̀rọ ayárabíàṣá sí i, “ẹ̀rọ ayá” ló máa hàn. Ní ti oṣù, mo lọ bi àwọn ìyá tó ń tajà ní Ọjà Igbó pé kí ni Ọ̀wàrà. Ọ̀kan ní òjò ni. Òun sì gba máàkì, torí ọ̀wààrà òjò náà ni. Kò sí ẹni tó ní oṣù kẹwàá ni. “Oṣù kẹwàá” ni gbogbo wọn ń sọ, òun náà sì ni mo máa ń kọ.

Èyí tí kò ní àríyànjiyàn nínú: má fi ẹ̀rọ ìtúmọ̀ ṣe é kí o wá kọjá lọ. Mo bá “Gbà là” níbi tí “Save” yẹ kó wà rí. Òótọ́ ni pé ìlú Onítẹ̀bọmi ni ìlú wa, ibí ni wọ́n ti dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ wọn sílẹ̀ ní 1898, àmọ́ fáìlì ò nílò ìgbàlà. “Fi pamọ́” ni.

Ohun mìíràn tí àwọn tuntun kì í mọ̀ ni iye. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ fún ọ̀kan, ó ní fún púpọ̀. Àwa ò ní. Ìwé kan, ìwé márùn-ún, ìwé náà ni. Kò sí ẹni tó ń sọ “àwọn ìwé márùn-ún”. Nítorí náà ìlà kan ṣoṣo ló yẹ kí fáìlì ìtúmọ̀ Yorùbá ní fún ohun tí ó bá níye. Mo bá iṣẹ́ kan tí wọ́n ti da ti Gẹ̀ẹ́sì kọ síbẹ̀, tí wọ́n fi méjì, tí olùtúmọ̀ wá ń kọ gbólóhùn kan náà lẹ́ẹ̀mejì láti òkè délẹ̀. Ìlà tó ń sọ iye yẹn ni mo yí padà lórí fáìlì náà, iṣẹ́ sì dín kù. Bí o bá sì rí %s tàbí %d nínú gbólóhùn, má pa á rẹ́. Orúkọ fáìlì tàbí iye ló ń bọ̀ wá jókòó síbẹ̀. Fi sí ibi tí Yorùbá fẹ́: “fáìlì %d ti parẹ́”.

Àti àwọn ará wa ní orílẹ̀-èdè Olómìnira Bẹ̀nẹ̀, ɛ àti ɔ ni wọ́n fi ń kọ tiwọn. Kì í ṣe àṣìṣe, má lọ bá wọn “tún un ṣe”.

* * *

Ìyá kan ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan ní Under G máa ń bá yín tẹ próójẹ́ẹ̀tì. Mo fi LibreOffice sí ẹ̀rọ rẹ̀ nígbà tí ayédèrú tó ń lò kó kòkòrò wá. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ó ti rí ohun tí èmi ò rí lọ́dún mẹ́rin: ojú ìwé àkọ́kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé wá ń yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, orúkọ olùkọ́ ń bọ́ sí ojú ewé kejì. “Ẹ wò ó, bọ̀dá, wọ́n á ní èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n tẹ̀.” Mo ní kó fi fáìlì méjì tó ti bàjẹ́ bẹ́ẹ̀ pamọ́ fún mi. Mo pa orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ inú rẹ̀ rẹ́, mo gé e kù sí ojú ewé kan, mo fi ránṣẹ́ pẹ̀lú àwòrán bó ṣe yẹ kó rí.

Wọn ò tíì tún un ṣe, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n ẹnìkan láti orílẹ̀-èdè mìíràn ti kọ sábẹ́ rẹ̀ pé òun náà rí i, ó sì ti sọ ẹ̀dà tó ti bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn náà iṣẹ́ ni: kí o mú issue tí ẹlòmíràn kọ, kí o dán an wò lórí ẹ̀rọ tìrẹ, kí o sọ bóyá ó rí bẹ́ẹ̀. Àwọn olùtọ́jú fẹ́ràn ẹni bẹ́ẹ̀ ju ẹni tó ń gbé àbá ńlá wá lọ.

Ẹni tó ní ohùn nìkan náà rí iṣẹ́. Common Voice, tí Mozilla dá sílẹ̀ ní 2017, Yorùbá wà níbẹ̀: o ó ka gbólóhùn sínú fóònù, tàbí kí o gbọ́ ti ẹlòmíràn, kí o sọ bóyá ó kà á bó ṣe wà. Má ka tìrẹ bí oníròyìn o. Ohùn Ògbómọ̀ṣọ́ ni kí o fi kà á.

* * *

Ẹnìkan fẹ́ mọ ìdí tí àwọn olùtọ́jú fi ń wo àlejò bí olè.

Nítorí wọ́n ti rí olè. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, Andres Freund, ṣàkíyèsí pé SSH, ohun tí wọ́n fi ń wọ kọ̀ǹpútà tó wà lókèèrè, ń fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀, ó sì bá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kan tí wọ́n fi pamọ́ sínú xz, sọ́fúwíà ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi ń fún fáìlì pọ̀. Ẹni tó fi í síbẹ̀ ń jẹ́ Jia Tan, ó ti bá wọn ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún nǹkan bí ọdún méjì. Olùtọ́jú tó rẹ̀, tó dá nìkan wà, ló fọkàn tán an. Nítorí náà bí wọ́n bá bi ọ́ ní ìbéèrè mẹ́fà lórí ìlà méjì, dá wọn lóhùn.

Wọ́n sì ti rí ẹ̀gbin pẹ̀lú. Ní Hacktoberfest 2020, ètò ọdọọdún tó ń rọ àwọn èèyàn láti ṣe open source, nítorí ṣẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́, àwọn èèyàn ń lọ fi ọ̀rọ̀ ìyìn bíi méjì kún README (ìwé àlàyé) oníṣẹ́, wọ́n ń pè é ní pull request. Ó pọ̀ débi tí àwọn tó ṣètò rẹ̀ fi yí òfin padà láàárín oṣù náà, pé iṣẹ́ tí olówó rẹ̀ bá fọwọ́ sí nìkan ló kà. Ti ìsinsìnyí ni AI. Daniel Stenberg, ará Sweden tó ni curl, sọ́fúwíà tí wọ́n fi ń gbé nǹkan láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ti ń ráhùn ní gbangba láti 2024 nípa ìròyìn àléébù tí ẹ̀rọ hun, tó gùn, tó mọ́, tí kò sí òótọ́ nínú rẹ̀. Ìlànà tèmi kò le: bí o ò bá lè fi Yorùbá ṣàlàyé ohun tí o fi ránṣẹ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ nídìí tábìlì oníndomí, má fi ránṣẹ́.

* * *

Owó, ní ṣókí. Outreachy, ètò ìkọ́ṣẹ́ open source, ń san 7,000 dọ́là fún oṣù mẹ́ta, láti ilé ni wọ́n ti ń ṣe é, ọmọ Nàìjíríà sì ti wọlé níbẹ̀. Google Summer of Code, irú ètò bẹ́ẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Google, ti wà láti 2005. Àwọn méjèèjì á wo ohun tí o ti ṣe. Gbólóhùn ogún tí o túmọ̀ dáadáa ju àlàyé bí o ṣe “nífẹ̀ẹ́ tẹkinọ́lọ́jì láti kékeré” lọ. Ẹni tó bá wá ṣèlérí fún ọ pé owó dájú níbẹ̀, bi í pé èló ni òun ti gbà.

* * *

Ẹni tó béèrè ti padà dé: “Ẹ̀gbọ́n, mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo túmọ̀ gbólóhùn mọ́kànlá lórí fóònù lálẹ́ àná kí bátìrì tó kú. ‘Undo’ ló dá mi dúró. Mo kọ ‘Yí padà’, ọ̀rẹ́ mi ní ‘Tú u’ ni.”

“Yí padà”, fi ìyẹn sílẹ̀ fún “Change”, ó ń bọ̀ níwájú. “Tú u”, ẹni tó bá rí i á máa wá ibi tí okùn wà. “Dá a padà” ni kí o fi síbẹ̀, kí o kọ ìdí rẹ̀ sínú àpótí àlàyé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má baà tún ìjà náà jà. “Redo” tó tẹ̀ lé e ló máa yọ ọ́ lẹ́nu, torí “Tún un ṣe” ni àwa oníṣẹ́ ọwọ́ ń sọ fún ohun tó bàjẹ́. Gbìyànjú “Ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i”, wò ó bóyá bọ́tìnnì á gbà á. Bí kò bá gbà á, sọ fún mi, mo ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù títí di aago méje.